Asẹ́ Méjì fún Yàrá Ìyá Akólẹ́tà

Ìyá Akólẹ́tà kò fìgbà kan fẹ́ràn ilẹ̀kùn títì láyé rẹ̀. Kó tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, orí kẹ̀kẹ́ ló máa ń wà láti òwúrọ̀ títí ara oòrùn á fi rọ̀, tí yóò máa kó lẹ́tà láti ojúlé dé ojúlé. Ó mọ ajá tó ń gbó lásán, ó sì mọ èyí tó ń dákẹ́ kó tó gé èèyàn jẹ. Ó mọ ilé tí wọ́n ti ń fi omi tútù dè é, ó sì mọ ilé tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí fìlà rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé ni wọ́n ń sá sí. Òjò pa á, oòrùn pa á. Lọ́jọ́ kan, atẹ́gùn ṣí fìlà ìjọba lórí rẹ̀, ó gbé e sọ sódò, ìyá náà sì rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó máa ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé àánú àwọn tó ń jókòó ní ọ́fíìsì ń ṣe òun, pé bí adìẹ inú àgò ni wọ́n rí lójú òun.

Àfi bí ẹni pé ayé gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀, tó sì tọ́jú rẹ̀ dè é. Nígbà tó di arúgbó, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni gbogbo ayé rẹ̀ wá di: bẹ́ẹ̀dì kan, àga onítìmùtìmù kan, fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà, òmíràn tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, méjèèjì ní títì pa. Wọ́n fi aṣọ dí ẹsẹ̀ fèrèsé iwájú, wọ́n sì fi páálí lé gíláàsì kan tó sán.

Ọ̀nà ló fà á. Ìjọba ní kí wọ́n fẹ ọ̀nà iwájú ilé wọn sí i, ni katakata bá dé. Ìsọ̀ tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti ń ṣiṣẹ́ káfíńtà wà níwájú ilé gan-an, ojú ọ̀nà sì ni wọ́n ka ìdajì rẹ̀ sí. Wọ́n wó o kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Agbaṣẹ́ṣe wá gbẹ́ ilẹ̀, ó da yẹ̀pẹ̀ pupa sí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ tó bá kọjá báyìí, eruku á gbéra sókè bí ẹni pé ilẹ̀ ń mí. Káfíńtà ò rí ibòmíràn kó irinṣẹ́ rẹ̀ sí ju ìsàlẹ̀ ilé lọ. Yàrá àlejò ìsàlẹ̀ di ibi ìrẹ́gi, yàrá tó tẹ̀ lé e di ibi tó ti ń fín fáníìṣì sára àga. Ìyá rẹ̀ ló fún un ní kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Ilé bàbá rẹ ni. Bí kò bá gbà ọ́, ta ló fẹ́ gbà?"

Láàárín àkókò yẹn ni ikọ́ fée bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá àgbà jà. Àyà rẹ̀ á máa súfèé, èémí á wọlé díẹ̀, yóò sì kọ̀ láti jáde. Dókítà gbọ́ ibi tí wọ́n ń gbé, ó ní eruku ni ọ̀tá ìyá yìí, kí wọ́n ti fèrèsé, kí wọ́n sì wá ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ sí yàrá rẹ̀. Iṣẹ́ náà wá bọ́ sọ́rùn ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Obìnrin yìí kì í fi nǹkan falẹ̀. Ilé-ìfọṣọ ilé-ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi omi gbígbóná àti bílíìṣì fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Láràárọ̀, kó tó jáde, ó máa ń yẹ fóònù rẹ̀ wò, nítorí ohun kan wà níbẹ̀ tó ń fi bí afẹ́fẹ́ ìlú ṣe rí hàn. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ dára. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ọsàn, kí arúgbó àti ọmọdé ṣọ́ra. Bó bá pupa, kí onílé tilé. Yóò sì yọjú sí yàrá, yóò ní, "Màmá, ó pupa lónìí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ ronú kan fèrèsé."

Ìyá á dáhùn pé, "Mi ò ronú kàn án." Bẹ́ẹ̀ fèrèsé nìkan ló ń rò.

Lọ́jọ́ tí ìyàwó lọ ra ẹ̀rọ náà, ó pe ìyá láti inú ṣọ́ọ̀bù, ó sì jẹ́ kí obìnrin tó ń tajà bá a sọ̀rọ̀. Ọjà pọ̀ níbẹ̀, ìyàwó wí, kékeré wà, ńlá wà, gbogbo wọn ló sì ń dán. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà kọ̀, kò fẹ́ tà á bẹ́ẹ̀. Ó ti béèrè bí yàrá ṣe fẹ̀ tó, nítorí ẹ̀rọ kékeré nínú yàrá ńlá dà bí ẹni tó ń fi ṣíbí gbọ́n odò. Ó ti wo àwọ̀ pupa orí fóònù. Ó wá ku ohun kan.

Ọlọ́jà ní, "Màmá, ẹ káàsán o. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé náà la sì ń wò ká tó ra asẹ́. Èyí tó ń mú eruku kì í mú òórùn. Eruku ní ara, asẹ́ á gbá a mú. Òórùn ọ̀dà, òórùn epo, gbogbo nǹkan bẹ́ẹ̀ á kọjá láàárín rẹ̀ bí òwú ṣe ń kọjá nínú abẹ́rẹ́. Asẹ́ èédú nìkan ló ń mú ìyẹn. Ẹ sọ fún mi, eruku nìkan ló ń dà yín láàmú, àbí òórùn kan wà?"

Ìyá Akólẹ́tà ń gbọ́ ìró bébà ìhagi nísàlẹ̀ bó ṣe ń ha ara igi. Ọmọ rẹ̀ ń kọrin jẹ́jẹ́ sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, orin tí bàbá rẹ̀ máa ń kọ bí iṣẹ́ bá ń lọ déédéé.

Ó ní, "Eruku nìkan ni, ọmọ mi."

Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Imú rẹ̀ ò tíì darúgbó. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé konpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tí ọmọ rẹ̀ fi ń fín fáníìṣì, wọ ìsàlẹ̀ ilé ló ti mọ̀ pé bó bá ti di ọ̀sán, tí ẹ̀rọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, òórùn fáníìṣì àti tínà tí wọ́n fi ń pò ó á gun àtẹ̀gùn bí àlejò tó mọ ilé, yóò gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, yóò sì dì mọ́ òun lọ́fun. Nínú ilé náà, òun nìkan ni imú rẹ̀ ṣì pé. Bílíìṣì ti pa imú ìyàwó. Ní ti Káfíńtà, ẹja kì í gbóòórùn omi.

Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ta ló fẹ́ fa ẹ̀fọ́ tu nítorí kòkòrò, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀fọ́ yẹn ni gbogbo ilé ń jẹ? Ó ti rí ojú ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí katakata wó ìsọ̀. Ọkùnrin tó ti nírùngbọ̀n jókòó sórí òkìtì pákó, ó gbé òòlù sórí itan, kò sì mọ ohun tí yóò fi kàn. Kò fẹ́ rí ojú yẹn mọ́. Ó mu ẹ̀jẹ̀ sínú, ó tu itọ́ funfun jáde. Wọ́n sì ra asẹ́ eruku.

Kí a má purọ́ mọ́ ẹ̀rọ, ó ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ó ga tó ọmọ ọdún méjì, ó funfun, ó ń kùn bí oyin ní igun yàrá, iná kékeré kan sì wà lórí rẹ̀ tó ń yí padà bí fóònù ìyàwó. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìyá ò rí eruku pupa lórí ìrọ̀rí rẹ̀ mọ́. Ìyàwó yọ asẹ́ náà, ó gbé e wá fún un wò: bébà onírun tó funfun báláú nígbà tí wọ́n rà á ti di aláwọ̀ ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ wo ohun tó yẹ kó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró yín." Inú rẹ̀ dùn débi pé ìyá náà dúpẹ́, ó gbàdúrà fún un, kò sì lè wo ojú rẹ̀.

Ọ̀sán ni ìyà. Bí konpúrẹ́sọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, ìyá á ká aṣọ, á fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Yóò lọ sídìí fèrèsé iwájú, yóò rí ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìkùukùu lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì padà. Yóò lọ sí ti ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ gan-an ni fèrèsé yàrá tí ọmọ rẹ̀ ti ń fín fáníìṣì ṣí sí, gbogbo ohun tó bá jáde níbẹ̀, òkè ló ń gbà. Yóò wá jókòó ti ẹ̀rọ, yóò gbé ojú síwájú rẹ̀, ẹ̀rọ náà á sì máa fẹ́ òórùn fáníìṣì sí i lójú, òórùn tó mọ́ tónítóní, tí kò ní eruku kankan nínú. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Nígbà mìíràn yóò dìde, yóò máa rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé ara ògiri, láti ara ògiri dé bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn, bí ẹni tó ń wá ojúlé tí nọ́ńbà rẹ̀ ti parẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rú ìyàwó lójú lọ́jọ́ tí òjò ńlá rọ̀. Òjò ti rẹ eruku sílẹ̀ pátápátá, fóònù rẹ̀ fi àwọ̀ ewé hàn, àwọ̀ ewé tó jẹ́ pé wọn ò rí irú rẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ọjọ́ yẹn náà ni Káfíńtà ń sáré parí àwọn àga gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan, ó sì ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé ìsàlẹ̀ kí ọ̀rinrin má ba fáníìṣì jẹ́. Ìyàwó dé láti ibi iṣẹ́, ó bá ìyá ọkọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àga, ètè rẹ̀ ti dúdú, ó ń fa èémí bí ẹni tó ń fa igi tó há. Oògùn tí wọ́n ń fà símú ló gbà á là. Kódà nígbà tó lè sọ̀rọ̀, kò dárúkọ fáníìṣì.

Ìyàwó bínú sí ẹ̀rọ. Ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ó gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n obìnrin ọlọ́jà tú u, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Ó ní fóònù ń sọ bí afẹ́fẹ́ ìlú ṣe rí, kò mọ ti inú ilé ẹnikẹ́ni. Bí ìta bá dára tí ìyá sì ń kú lọ nínú ilé, inú ilé ni kí wọ́n wò. Ìyàwó dé ilé, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo ògiri bóyá ó bu, ó kó àwọn aṣọ àtijọ́ jáde, ó sì ń bi ìyá léèrè bóyá òórùn ọṣẹ tí òun fi ń fọ aṣọ ló ń bá a jà. Ó pa ọṣẹ dà. Ìyá ń wò ó bó ṣe ń wá ohun tí òun mọ ibi tó wà, ojú sì ń ti arúgbó náà ju bí ikọ́ ṣe ń ṣe é lọ.

Ọmọ kékeré ló tú àṣírí náà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Káfíńtà bí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ láti to ọ̀rọ̀ pọ̀, yàrá ìyá àgbà ló máa ń sùn sí lọ́sàn-án. Ìyá Mi Kékeré ni ìyá àgbà ń pè é. Lọ́jọ́ kan, konpúrẹ́sọ̀ ń lù nísàlẹ̀, ìyá jókòó sórí àga, ó ń gbìyànjú láti mí lọ́ra bí dókítà ṣe kọ́ ọ. Ó gbọ́ súfèé nínú yàrá. Ó rò pé àyà òun ni. Ó dá èémí dúró. Súfèé náà ò dúró. Ó tẹ etí sí àyà ọmọ náà lójú oorun, ó sì gbọ́ ọ níbẹ̀, tínrín, bí ìró ẹyẹ tó há sínú àjà.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òun ti wà lọ́jà, ó ti ń wo orí náà, ó sì ti dákẹ́. Ó gbé ọmọ sí èjìká. Kò rántí ìgbà tó ti sọ̀ kalẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó di igi àtẹ̀gùn mú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, òórùn náà sì ń nípọn sí i bí ẹni tó ń wọ odò. Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn, ọmọ rẹ̀ wà láàárín ìkùukùu, ó fi aṣọ bo imú, ìbọn ìfín wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn àga sì tò yí i ká bí èrò.

Ó ní, "Ọkọ mi, pa ẹ̀rọ yẹn."

Káfíńtà yí padà. "Màmá, kí lẹ wá ṣe nísàlẹ̀? Ẹ ò mọ̀ pé eruku…"

"Kì í ṣe eruku. Pa á, kí o wá gbọ́ àyà ọmọ rẹ."

Ó pa á. Ó tẹ etí sí àyà ọmọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ọjọ́ àkọ́kọ́, títí kan ohun tí òun dá ọlọ́jà lóhùn lórí fóònù. Kò ṣàwáwí. Káfíńtà jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn, kò sì rántí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fín in tán ni.

Ó ní, "Ẹ mọ̀ látijọ́ yìí, ẹ wá ń fimú mu ún?"

"Níbo ni kí n ní kí o kó lọ?"

Nígbà tí Káfíńtà fẹ́ dìde, ṣòkòtò rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ àga, àga sì bá a dìde. Ẹ̀rín fẹ́ mú ìyá, ẹkún ló jáde.

Ìyàwó ló bínú jù. Kò bínú sí ọkọ rẹ̀. Ó gbé ọmọ lọ sílé-ìwòsàn, ó gbé e padà, ó fún ìyá lóúnjẹ, kò sì bá a sọ ju ẹ kú ìjókòó lọ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní, "Mo tú yàrá yìí títí mo fi fẹ́ ya wèrè, Màmá, ẹ sì ń wò mí. Ẹ ń dáàbò bo ọkọ mi lọ́wọ́ mi. Ṣé ọ̀tá rẹ̀ ni mí?"

Ìyá ní rárá. Ó ní òun ló bẹ̀rù, àti pé ẹni tó ń jẹ nínú iṣẹ́ ọmọ rẹ̀, tó ń sùn lókè orí rẹ̀, kò rọrùn fún un láti sọ pé iṣẹ́ náà ń rùn. Ìyàwó ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, kí ìyá má dán an wò mọ́. Ó sì dìde lọ ra asẹ́ èédú.

Obìnrin ọlọ́jà tà á fún un, asẹ́ dúdú tó wúwo, tó ń wọ ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́ nínú ẹ̀rọ kan náà. Ṣùgbọ́n kò tàn án jẹ. Ó ní bí wọ́n bá ń bá a lọ láti máa fín fáníìṣì nísàlẹ̀, èédú náà á mu ún yó láìpẹ́, kò sì ní lè mu mọ́. Kò sí asẹ́ tó lè bá ẹni tó ń da nǹkan sínú omi lójoojúmọ́ dije.

Ni Káfíńtà bá wá àyè lọ́wọ́ onípákó kan lẹ́yìn ìlú, tó ní àtíbàbà ńlá tí kò ní ògiri. Ibẹ̀ ló ti ń fín fáníìṣì báyìí. Kò rọrùn fún un. Ìdájí ló ń di àga sẹ́yìn ọkọ̀, ọ̀nà náà ń mì wọ́n gìrìgìrì, ẹsẹ̀ àga ń ha ara wọn. Nígbà mìíràn eruku á bà lé fáníìṣì tí kò tíì gbẹ, àwọn òtẹ́ẹ̀lì á kọ̀ wọ́n, yóò sì ha gbogbo rẹ̀ kúrò, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò fìgbà kan ráhùn níwájú ìyá rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló wúwo. Ìyá á máa gbọ́ ìró okùn tó ń so àga nísàlẹ̀, yóò dùbúlẹ̀, yóò máa mí dáadáa, èémí náà á sì máa dà bí ohun tí òun jí. Ó ti ní òun fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò òun, kí ọmọ òun lè padà sílé ṣiṣẹ́. Ọkọ àti ìyàwó fi ẹnu kan kọ̀ fún un. Ìyàwó ní àyà ọmọ kékeré ńkọ́, ṣé òun náà yóò lọ sọ́dọ̀ àbúrò ni?

Agbaṣẹ́ṣe ò tíì padà wá. Fèrèsé ṣì wà ní títì. Súfèé ti kúrò láyà ọmọ, ti ìyá àgbà ti dínkù, ó kàn ń wá bí ojú ọjọ́ bá yí padà ni. Yàrá náà ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́ jù nínú ilé, nítorí náà ọmọ ń ṣeré níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Àwọn méjèèjì jọ máa ń wo ọ̀nà láti inú gíláàsì, ọmọ á fi ìka tọ́ka sí ọkọ̀, ìyá á sì sọ ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ fún un, àdúgbò tẹ̀ lé àdúgbò, bó ṣe mọ̀ wọ́n.

Bí Káfíńtà bá dé nírọ̀lẹ́, kì í wọlé. Òórùn wà lára aṣọ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí, ó ń fi èjìká ti ara ògiri, ó sì ń na ọrùn wo inú yàrá.

Ó ní, "Màmá, ẹ kú ilé. Ṣé ẹ mí dáadáa lónìí?"

Ìyá rẹ̀ ní, "Mo mí, ọkọ mi. Ìwọ ńkọ́, o jẹun?"

Ó ní òun jẹun. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó nawọ́ sí i, ó mi orí, ó sì lọ sẹ́yìnkùlé láti wẹ̀.